Ẹni Tó Ń Pe Adìyẹ Àwẹ̀ró

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ti gbé adìyẹ mẹ́ta lọ, Àwẹ̀ró wọ ilé adìyẹ rẹ̀ létí oko, ó ń fi ọ̀rá tapólì dí ojú wáyà ara ògiri rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta.

"Ta nìyẹn? Mo wà nínú o!"

Ó taari ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Ni ohùn arúgbó kan tí kò mọ̀ rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn adìyẹ, bí ẹni fẹ́ da àgbàdo fún wọn. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń gba ihò abẹ́ ilẹ̀kùn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìké.

Nígbà tó ku òun nìkan, ọwọ́ kan na àgbàdo wọlé láti ihò náà.

"Àwẹ̀ró, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìwọ náà máa bọ̀."