Àwòrán Tó Sọnù Nínú Ìwé Bámiṣẹ́

Inú ti ń bí Bámiṣẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ní Ayété, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Òun alára kò bá wọn kọ́ ọ. Àbdùlàhí, ọlọ́kadà tó gbé e wá láti Ìdèrè, ní òun á dúró dè é bí òun ṣe máa ń ṣe. Bámiṣẹ́ wọ ìsọ̀ Keturah ní Ìgbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó sì ju fíláàṣì tó kó ìwé rẹ̀ sí sórí tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni Keturah wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jókòó."

"N ò wá jókòó. Ta ló ba ìwé mi jẹ́?"

Obìnrin náà kò bi í pé ìwé wo. Ó ki fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà.

Ìtàn ìgbésí ayé Àpèkẹ́, ìyàwó Bámiṣẹ́ tó ti dolóògbé, ló wà nínú rẹ̀. Orí ìkànnì kan ni Bámiṣẹ́ ti fi fóònù kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tòun tàwòrán. Nígbà tó parí, ó wà á jáde bí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Lórí fóònù, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Àmọ́ Wọ́ọ̀dù, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, ni àwọn tó ń tẹ̀wé fi ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kí Àpèkẹ́ tó kú, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun, ọkọ rẹ̀ sì ṣèlérí. Ìrántí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì di Sátidé. Bámiṣẹ́ fẹ́ kí ìwé náà wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di onírọ́ lójú òkú.

Fáìlì náà ṣí. Àmì ohùn ti dàrú, orúkọ Àpèkẹ́ ti di ìdajì lẹ́tà, ìdajì àmì ìbéèrè. Àtẹ onílà tó to àwọn ọdún rẹ̀ sí ti yọ kọjá etí ìwé. Níbi tó yẹ kí àwòrán wà, àpótí òfìfo ló wà, àmì pupa kékeré kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Wo ohun tí ẹ fi ìyàwó mi ṣe," ni Bámiṣẹ́ wí.

"Kò bàjẹ́, Bàbá. Wọ́ọ̀dù ni ò mọ bó ṣe máa kà á."

"Ṣé mo bi ọ́ ní ohun tí Wọ́ọ̀dù mọ̀?"

Keturah pa fáìlì náà dé, ó tún un ṣí, ó sì yan ọ̀nà tí wọ́n fi kọ lẹ́tà rẹ̀ láàárín àkójọ gígùn kan. Àmì padà sórí ọ̀rọ̀. Orúkọ Àpèkẹ́ pé. Ó fún àtẹ náà pọ̀ títí tó fi gba inú ìwé. Bámiṣẹ́ wá ohun tó máa fi bú u, kò rí i, ìyẹn tún wá bí i nínú sí i.

"Ẹ fi nǹkan panu," ni Keturah wí. Ó gbé abọ́ kan jáde, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata rárá. Ó ti pẹ́ tí ata kì í ti í bá inú Bámiṣẹ́ mu. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó rántí pé inú ń bí òun, ó wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àwòrán ńkọ́?"

"Fáìlì yín ò gbé àwòrán dání, Bàbá. Ibi tí àwòrán wà nìkan ló kọ sínú. Fódà tó kó wọn sí ò bá a wá."

"Ṣé kí n tún padà sí Ìdèrè nítorí fódà ni?"

"Rárá. Ó wà níbí."

Ó mú fódà kan nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé náà. Àwọn àpótí náà ń kún lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpèkẹ́ nínú aṣọ ìgbéyàwó. Àpèkẹ́ níwájú ilé ẹ̀kọ́ ní Ayété. Àpèkẹ́ lórí àga, tí ọmọdé kan sùn lé e lẹ́sẹ̀.

Bámiṣẹ́ dìde. "Níbo lo ti rí àwòrán ìyàwó mi?"

"Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ta ló fún ọ?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Irọ́ lò ń pa. Àpèkẹ́ ò mọ̀ ọ́ rí. Olè ni ẹ́, o fẹ́ fi ìyàwó mi ta ìwé jẹun. Tí mo bá kúrò níbí, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni mò ń lọ."

Keturah já ìdè tó so àwòrán mọ́ fódà kí wọ́n lè máa gbé inú ìwé náà títí, ó sì fi í pamọ́ bí ìwé Wọ́ọ̀dù. Ó wá nawọ́ sí àwòrán kẹta.

"Kí ni kí n kọ sábẹ́ èyí?"

"Kọ ọ́ pé Àpèkẹ́ àti ọmọ kan."

Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì fúngbà díẹ̀, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀rọ tẹ ìwé náà jáde. Bámiṣẹ́ yẹ ojú ewé kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò, kò rí àṣìṣe. Ó ju owó sórí tábìlì, ó ní òun kì í gba ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ olè, ó sì jáde láìdágbére.

Àbdùlàhí ti dìde. Ó di Bámiṣẹ́ lápá mú kó lè gun ọ̀kadà.

"Bàbá Keturah," ó ní, "ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Bámiṣẹ́ gbá ìwé náà mọ́ àyà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó lè mọ ẹni tí ọkùnrin náà ń pè.