Abọ́ Tí Kì í Padà Lófìfo

Ọjọ́ kejì tí ìjì jà ní Sugar Land nílẹ̀ òyìnbó ni Nusaiba, aládùúgbò wọn ará India, gbé abọ́ irin kan wá fún Misturah. Sàmósà ló kún inú rẹ̀, ẹran lílọ̀ ni wọ́n fi há a nínú bí wọ́n ti ń ṣe é ní Hyderabad. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni ìdílé méjèèjì ń lọ, Misturah kì í sì í fi ohun àìmọ́ sẹ́nu. Abọ́ náà wúwo, rọ́bà sì yí ìdí rẹ̀ ká kó má baà máa yọ̀ nílẹ̀. Misturah gbóríyìn fún ọgbọ́n àwọn ará India.

Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ó fọ abọ́, ó bu àkàrà kún un, ó gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, abọ́ padà dé. Sàmósà Punjab ni lọ́tẹ̀ yìí, ànàmọ́ òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù. Misturah fi mọ́ínmọ́ín dáhùn. Ti Gujarat dé, wẹ́wẹ́, ó dùn bí oyin. Ó fi dòdò dáhùn. Ti Bengal dé, tòun tẹ̀pà.

"India yìí mà tóbi o," ni Àkànmú ọkọ rẹ̀ wí, ó ń nu epo ẹnu. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà, dókítà sì ti ní kó jìnnà sí ohun díndín.

"Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́, Bàbá Hamid."

"Kí n da oúnjẹ nù? Ìwọ dá abọ́ wọn padà, kó tán síbẹ̀."

"Lófìfo? Kí wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé?"

"Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló máa sọ ẹ́ di opó."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Àkànmú burú jáì. Misturah fọ abọ́, ó nù ún gbẹ, kò fi nǹkan kan sí i. Ó gbé e sọdá koríko, ojú ń tì í.

"Nusaiba, má bínú. Ara ọkọ mi ò yá. Abọ́ yín rèé, òfìfo ni."

Nusaiba bú sẹ́kún.

"Ànti, ọwọ́ mi ti bó níbi òróró! Gbogbo ìbátan wa ní India ni mo ti pè kí n lè rí oríṣi tuntun dín fún yín. Abọ́ yín ni! Orí koríko àárín ilé wa la ti rí i lẹ́yìn ìjì. Ṣé kí n wá dá a padà fún yín lófìfo ni?"

"Tèmi kọ́ o. Ta wá ló ni ín?"

Wọ́n ṣì ń wo ara wọn nígbà tí Noah, òyìnbó òdìkejì títì, dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó rí abọ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó fi ayọ̀ ju ọwọ́ sí wọn, ó ní kí Ọlọ́run bù kún wọn, nítorí láti ọjọ́ ìjì ni ajá òun ti kọ̀ láti jẹun nínú abọ́ mìíràn.