Ọmọ Tí Kò Tẹríba

Ilé tí Fuatino ti máa ń hun ẹní ní etí òkun erékùṣù Savai'i ní Samoa kò ní ògiri. Òpó ló yí i ká. Ohunkóhun tó bá ń lọ láti ojú ọ̀nà sí òkun, iwájú rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Nígbà kan, èyí ń dùn mọ́ ọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, ojú náà gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ̀: kókò jóná mọ́ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbọ́ òórùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jà lójú oorun, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́, tó ń ta ìpá, títí Peleiupu ọmọ rẹ̀ obìnrin fi kó ẹní tirẹ̀ jìnnà, tó ní òun ò lè torí oorun máa jẹ ìyà. Ìgbà tó yá ni àwọn ọmọdé kan dé, tí òun nìkan ń rí. Wọ́n á jókòó sídìí òpó, wọn kò ní í sọ̀rọ̀. Ará abúlé ní ẹ̀mí àìrí ni. Pásítọ̀ gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. Àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n ń wò ó.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn rìn wọ òkun. Fuatino sáré tẹ̀ lé e. Àwọn apẹja ló fà á jáde nígbà tí omi ti fẹ́ gbé e lọ; kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Lafaele, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wọ bàálù wá láti Auckland, níbi tó ń gbé lókè òkun. Kò pariwo.

“Màmá, ẹ tún wọ òkun lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ti di ará ọ̀dọ̀ mi nìyẹn.”

Fuatino ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà òtútù kan rí. Bí wọ́n bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí di ìrọ̀lẹ́. Níbí, sàréè ọkọ rẹ̀ wà níwájú ilé, àyè tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé òkèèrè ni wọn yóò sin òun sí.

Nọ́ọ̀sì ọsibítù ló fi í lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀mí, kì í sì í ṣe wèrè. Àìsàn ọpọlọ kan ni, tó lè bẹ̀rẹ̀ báyìí kí ọwọ́ tó máa gbọ̀n. Ó ní kó wá àmì tí yóò fi máa mọ èyí tó jẹ́ èèyàn. Fuatino kò wá a jìnnà. Ọmọ wo ni wọ́n tọ́ ní Samoa tí yóò kọjá níwájú àgbà tó jókòó, tí kò ní í tẹríba, kó sì sọ pé “tulou” láti fi tọrọ ọ̀nà? Àwọn tó ń jókòó sídìí òpó kì í ṣe é.

“Ẹni tó bá tẹríba, èèyàn ni,” ó wí fún Peleiupu. “Ẹni tí kò bá tẹríba, ojú mi ni.”

Láti ìgbà náà, kò sáré tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí olóyè abúlé kú, àlejò dé láti ibi gbogbo wá sìnkú. Peleiupu kò ráyè jókòó. Àwọn ọmọdé ń gbé oúnjẹ kọjá, wọ́n ń tẹríba, tulou, tulou, Fuatino sì ń dá wọn lóhùn, ara tù ú.

Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin kékeré kan gba iwájú rẹ̀ kọjá tòun ti bàtà lórí ẹní, tó gbé orí sókè gangan. Ara Fuatino tutù.

“Ọmọ ta ni ọ́?”

Ọmọ náà kàn wò ó. Ó gba orí iyanrìn lọ, ó bọ́ sómi. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé àyà. Ẹsẹ̀ Fuatino fẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Ó di òpó mú, ó ń sọ pé, “Ojú mi ni, ojú mi ni,” ó sì dorí kodò, ó ń sunkún. Nígbà tó máa gbórí sókè, òkun ti dá páropáro, bó ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn tó ń jókòó sídìí òpó bá lọ.

Peleiupu yà síbẹ̀, ó bá a tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

“Ọ̀kan tún wọ òkun. Mi ò dìde.”

Peleiupu dì mọ́ ọn. Ó ní ẹ jẹ́ kí òun pe Lafaele lójú ẹsẹ̀, kó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Auckland ti parí.

Fóònù ṣì ń dún lọ́dọ̀ Lafaele nígbà tí obìnrin kan jáde láti ilé àlejò, tó ń fi èdè òyìnbó pe ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè, tí kò tíì lo ọjọ́ méjì ní Samoa.