Bàbá Làbísí Ń Wá Ibi Tẹ́nikẹ́ni Ò Tíì Dé

Ẹ pa ẹnu yẹn dé ná. Ìwọ tí ò ń pa ẹ̀pà lẹ́yìn, jẹ èyí tó wà lẹ́nu ẹ tán, má pa òmíràn. Ẹ̀yin ọkọ ìyàwó tẹ́ ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí, ẹ má wẹ̀yìn bíi pé ẹlòmíràn ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí lọmọ kékeré mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Òótọ́ ni, mi ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo létí, mo lójú, ilé Bàbá Làbísí ò sì jìnnà sí tiwa.

Ní Ìgbájọ níbí ni Bàbá Làbísí ti ń rán fìlà. Ó mọṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ dénú. Àléébù kan ló ní: nǹkan kì í dùn mọ́ ọn àfi tẹ́lòmíràn bá gbọ́ sí i. Tó bá jẹran nínú ilé, ìta gbangba ló ti ń tayín. Tí wọ́n bá ra bàtà fún un, ọ̀nà tó jìn jù ló máa gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí òun àti Ìyá Làbísí pé ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, àwọn ọmọ wọn ní, "Ẹ yan ibi tó bá wù yín, àwa máa ṣètò ẹ̀." Ìyàwó wà ní yàrá, ó ń ká aṣọ. Ẹ wá bi mí pé ta ni bàbá lọ bi léèrè. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó kọjá, ó forí lé ìsọ̀ onígbàjámọ̀, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń jókòó sí.

"Mò ń rò ó pé kí n gbé Ìyá Làbísí lọ wo òkun ní Àgbádárìgì," ló wí.

Alàgbà Ọdẹ́bùnmi ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òkun yẹn? Mo ti lọ. Iyanrìn ẹ̀ ṣì wà nínú bàtà mi."

Bàbá Làbísí pa òkun rẹ́ lọ́kàn. Ó dárúkọ Olúmọ, wọ́n ti lọ. Ó dárúkọ òkè Ìdànrè, onígbàjámọ̀ fúnra ẹ̀ ti gùn ún. Ló bá rántí òkè kan tó jìnnà réré, lẹ́bàá ẹnubodè Kamẹrúùnù, níbi tí òtútù ti ń mú bíi ti ìlú òyìnbó. Bó ṣe dárúkọ ẹ̀, gbogbo wọn ń wojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí. Inú bàbá dùn bíi pé ó ti lọ, ó ti bọ̀.

Ó délé. "Ìyá Làbísí, mo ti ríbi tá a máa lọ. Orí òkè ni."

"Òkè kẹ̀, Bàbá Làbísí? Ṣé orí òkè kọ́ la wà yìí ni? Èmi rò pé òkun ni. Mi ò rí òkun rí láyé mi."

"Kí la fẹ́ wò níbẹ̀? Gbogbo èèyàn ló ti rí òkun."

"Èmi ò sí nínú gbogbo èèyàn yẹn, bàbá."

Ó gbọ́. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ó gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú Alàgbà Ọdẹ́bùnmi ló ń rí. Ìyá ò bá a jà. Ó di ẹrù, ó sì kó aṣọ òtútù ọkọ ẹ̀ sórí ẹrù pátápátá, kó lè tètè rí i mú.

Wọ́n rìn títí ìbàdí fi ń ro wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé, kùrukùru ti bo òkè, èèyàn ò lè rí ọwọ́ ara ẹ̀. Bàbá ya fọ́tò, fọ́tò funfun báláú bíi pé ògiri ló yà. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ó ti wá dé ibi tẹ́nikẹ́ni ò dé, kò sì rẹ́ni rò ó fún. Ló bá wé bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì mọ́ra, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ilé àlejò tí wọ́n wọ̀ sí bíi mọ́ínmọ́ín inú ewé.

Ìyàwó ẹ̀ dúró lójú fèrèsé.

"Kí lò ń wò, Àníkẹ́? Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ó kàn lọ salalu ni, mi ò rí òpin ẹ̀. Mo ní bóyá báyìí náà lòkun ṣe máa ń rí."

Kò fi bú u o. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Èyí ló wá dun bàbá jù. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ohun tó bá wu bàbá lobìnrin yìí ń fẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló fẹnu ara ẹ̀ bèèrè, bàbá sì tìtorí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ onígbàjámọ̀ sọ ọ́ nù. Ó bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára.

"Palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀la la ń lọ sókun."

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín ti débẹ̀ o."

"Wọn ò mú ìwọ dání."

Nígbà tí wọ́n dé Àgbádárìgì, ìyá bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó ká ìró sókè, ó wọmi dé ọrùn ẹsẹ̀, ìgbì gbá a, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò mí bọ̀ọ̀ yìí, ìgbà wo nìyàwó yín rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn?

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò le. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe èèyàn lóore, ẹni náà ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi àwọn tó máa gbọ́ ìròyìn ẹ̀. Oore tá a ṣe kí ará ìta lè gbọ́, ará ìta la ṣe é fún. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọn ò ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ là ń wò.

Bàbá Làbísí náà ti mọ èyí. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ó wọmi tòun ti bàtà, ó dúró níwájú ìyàwó ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Àníkẹ́ mi, láti òní lọ, kí gbogbo ayé gbọ́ pé èmi ọkọ ẹ..." Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó ń lọ, kò tíì dé ìdajì.

Obìnrin kan ń yan ẹja nítòsí. Ó yí ẹja ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní, "Bàbá, ẹ sún kúrò níwájú wọn. Òkun ni wọ́n wá wò, ẹ̀yin lẹ dí i mọ́ wọn lójú."