Taisto àti Ẹ̀rọ Ìmí tí Ó Gbé Wọ Ilé Ooru

Gbogbo ẹni tó mọ Taisto Kemppi ní abúlé wa ló mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí yìnyín bá dí ẹnu ọ̀nà opó kan, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì. Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kò ní ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Àléébù yẹn ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Òkun Íjíbítì ni Taisto ti kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀ lábẹ́ omi, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ náà ló ti ra ẹ̀rọ ìmí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúyẹ́, ó ń dán, ó sì rọrùn láti mí. Orí kan ṣoṣo ló ní, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ sílíńdà atẹ́gùn. Láti ara orí kan yìí ni rọ́bà méjì ti jáde, ọ̀kan fún ẹnu rẹ̀, èkejì fún ọjọ́ ìṣòro.

Adágún tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹrin, ó máa ń dì gbagidi débi pé mọ́tò ni a ń wà lórí rẹ̀. Màmá Rauni, tó ti ń tún ẹ̀rọ ìmí ṣe lágbègbè wa láti ọgbọ̀n ọdún, yẹ ti Taisto wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Ó ní, "Taisto, ẹ̀rọ yìí dára, àmọ́ kì í ṣe ti ibí. Atẹ́gùn tó ń jáde nínú sílíńdà máa ń tutù ju omi fúnra rẹ̀ lọ. Omi ráyè wọ orí eléyìí, á dì síbẹ̀, orí náà ò sì ní lè padé mọ́. Ra èyí tí wọ́n bo inú rẹ̀ pa, kó o sì ra orí méjì. Bí ọ̀kan bá dì, wàá ti ọ̀kan yẹn pa, wàá máa fi èkejì mí."

"Màmá Rauni, ẹ kàn fẹ́ tajà ni o," ni Taisto wí, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sì rẹ́rìn-ín. "Èmi àti ẹ̀rọ yìí ti jọ wọ omi nígbà ọgọ́rùn-ún. Kò já mi kulẹ̀ rí."

"Omi wo?" ni màmá náà bi í. Taisto gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde.

Oiva, àbúrò ìyàwó Taisto, wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó ra ẹ̀rọ olórí méjì. Káfíńtà ni. Ó ń kọ́ ilé fún ara rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òrùlé nìkan ló kù.

Ní oṣù Kẹta, yìnyín fọ́ lábẹ́ apẹja kan. Òun bọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó fi ń sáré lórí yìnyín rì sí mítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n bẹ Taisto àti Oiva pé kí wọ́n lọ so okùn mọ́ ọn kí a lè fà á jáde. Hilkka, ìyàwó Taisto, rọ kọfí sínú fúláàsì fún wọn.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Sirkku, Oiva nìkan ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Bí ẹ ṣe mú un lọ ni kí ẹ ṣe mú un bọ̀."

"Àǹtí mi, ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?" ni Oiva wí. "Èmi gan-an ni mo máa mú wọn bọ̀."

Ìwọlé omi àkọ́kọ́, láti inú ihò yìnyín tó fọ́ náà, lọ dáadáa. Wọ́n so okùn mọ́ iwájú ọkọ̀ náà, wọ́n sì jáde láti yá ooru ní sauna, ilé ooru tó wà létí adágún, kí wọ́n tó padà lọ so ẹ̀yìn. Màmá Rauni, tó wá wò wọ́n, kìlọ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìmí kọ́ síta níbi tó gbẹ, kí ooru olómi má bàa wọ inú rẹ̀. Oiva fi tirẹ̀ síta. Taisto gbé tirẹ̀ wọlé, ó fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì da omi sórí òkúta gbígbóná títí àwa tí a bá wọn wọlé kò fi rí ara wa mọ́. Ó ní bí ara òun ṣe ń fẹ́ ooru ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ẹ. Oiva rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Omi ń sẹ̀ lẹ́nu rọ́bà náà, ó ń kán sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Taisto fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún wa. Ó ní àwọn ti padà wọ omi, òun ń fa okùn nísàlẹ̀, òun sì ń mí gúlegúle, nígbà tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láìdúró. Ó tu rọ́bà náà lẹ́nu, ó mú èkejì. Ìyẹn náà ń tú, nítorí orí kan náà tó ti dì ni wọ́n jọ wà. Oiva lúwẹ̀ẹ́ dé, ó ti sílíńdà Taisto pa, ó sì fún un ní ọ̀kan nínú rọ́bà tirẹ̀. Atẹ́gùn tó kù tó àwọn méjèèjì. Ohun tó kù ni kí wọ́n gòkè díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa dúró lójú ọ̀nà, kí ara lè tú atẹ́gùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀; bí ènìyàn bá sáré gòkè, atẹ́gùn náà lè hó nínú ẹ̀jẹ̀, kó ba ara jẹ́. Oiva sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ júwe fún un pé: rọra, rọra.

Ẹ̀rù ti mú Taisto. Ó di Oiva mú láyà, ó ta sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ihò yìnyín. Oiva kò lè fi í sílẹ̀, nítorí rọ́bà tí Taisto fi ń mí wà lára rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nímú ni gbogbo ohun tó ṣe Taisto. Oiva dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà nígbà tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà."

Bàálù gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn dókítà gbìyànjú títí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró di ìgbà ìwọ́wé, lẹ́yìn náà ó lọ. Taisto ló kan òrùlé ilé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, òun nìkan. Hilkka kò bá a jà. Ó kàn dẹ́kun rírọ kọfí fún un.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Taisto máa ń pọn Oiva sẹ́yìn lọ sí ilé sauna. Ìṣó yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan kọ́ ọ. Bí wọ́n bá dé ibi tí àtẹ̀gùn ti ń yọ̀, Oiva á fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án léjìká, á ní, "Rọra, Ẹ̀gbọ́n." Taisto á sì rọra.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ohun tó ṣe wá lóore níbì kan lè ṣe wá níbi ní ibòmíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ibi tí a wà, ká sì gbà nígbà tó bá dáhùn. Ẹni tó bá kọ ìkìlọ̀ lè rò pé ara òun nìkan ni òun fi ń ta tẹ́tẹ́. Taisto rò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọ́ ló fi san án.