Bọ́ọ̀sì Bàbá Àjàgbé

Nígbà tí Àsánì lọ sọ fún Bàbá Àjàgbé pé òun fẹ́ fẹ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ọmọ wọn, bàbá náà ò gbà, wọn ò sì kọ̀. Wọ́n ní kí Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbé bọ́ọ̀sì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wá.

Bọ́ọ̀sì ìṣeré ni. Páànù ni wọ́n fi ṣe é, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Ọ̀gá kan ló fi ta Bàbá lọ́rẹ lọ́dún 1961, lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi wa bọ́ọ̀sì gidi káàkiri Èkó kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kọṣẹ́. Láti ọdún tó kọjá, iwájú ilé wọn ní Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń jókòó sí, pẹ̀lú aṣọ ìbora lórí orúnkún. Bọ́ọ̀sì kékeré náà ti dípẹtà, táyà kan ò sì sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"O ní rédíò lò ń tún ṣe," ni Bàbá wí. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú rédíò onírédíò, tẹ́ ẹ bá dè é padà tán, nọ́ọ̀tì mẹ́ta á ṣẹ́ kù."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín. Àsánì, tún un ṣe. Kó máa dá rìn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kó gbéra níbi ẹsẹ̀ mi yìí, kó yí kànga yẹn po, kó padà wá bá mi. Tó bá kọlu kànga, wá ìyàwó lọ síbòmíì."

"Ẹ ṣé, sà. Ọ̀sẹ̀ mélòó, sà?"

"Mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì tèmi kì í pẹ́ ní gáréèjì."

Àsánì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkókómáíkò. Ó fi kẹrosíìnì rẹ ìpẹtà, ó fi sáńpépà họ ọ́ títí páànù fi ń dán. Ó kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó sì fa ìlà funfun sábẹ́ fèrèsé, bí Bàbá ṣe júwe rẹ̀. Ó gé táyà tó sọnù lára sílípáàsì àtijọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Alábà, ó ra ọkọ̀ ìṣeré méjì tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, irú kan náà, tí ara wọn ti fọ́ nínú páálí. Ó yọ mọ́tò àti wáyà ọ̀kan, ó fi léèdì jó wọn mọ́ inú bọ́ọ̀sì. Rìmóòtù méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Èyí tó wù ọ́ ni kó o tẹ̀, bọ́ọ̀sì á gbọ́.

Bátìrì tuntun tó rà, inú bọ́ọ̀sì ló kó o sí. Mẹ́rin tó ti ń kú lọ ló kù fún rìmóòtù. Láràárọ̀ ló ń sá wọn sórí páànù òrùlé ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, kí oòrùn lè fún wọn lókun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọ̀ṣúnkẹ́mi yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti Ìyànà Ìbà, níbi tó ti ń ránṣọ.

"Mo sọ fún Bàbá pé rìmóòtù méjì lo rà. Wọ́n ní kó o fún mi ní ọ̀kan."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá o ò foògùn sí i."

"Sọ fún wọn pé wáyà àti léèdì nìkan ló wà níbẹ̀."

"Èmi? Ṣé orí méjì ni mo ní? Jẹ́ kí n tètè máa lọ, wọ́n tún ní kí n ra bátìrì mẹ́rin bọ̀ fún rédíò wọn." Àsánì gbé rìmóòtù kan fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí wọ́n dá, Àsánì wọ bùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Ó kó bọ́ọ̀sì àti rìmóòtù sínú báàgì, ó sáré wọkọ̀ lọ sí Ọ̀jọ́. Ó bá Bàbá lórí àga wọn, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Rédíò wọn ń kọrin lójú fèrèsé, wáyà iná rẹ̀ wà lára ògiri.

Àsánì gbé bọ́ọ̀sì síbi ẹsẹ̀ wọn. Bàbá wò ó pẹ́.

"Hùn," ni wọ́n wí. "Ó yá, wà á."

Rìmóòtù fúyẹ́ lọ́wọ́ Àsánì bí òwú. Ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì ò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ̀ ti kú ní gáréèjì," ni Bàbá wí. Wọ́n sún ara wọn dáadáa lórí àga. Bọ́ọ̀sì gbéra.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi pàtẹ́wọ́. Bọ́ọ̀sì ń rọra lọ lórí iyanrìn, àwọn adìyẹ ń yà fún un. Ó ku díẹ̀ kó dé kànga ni Màmá Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n Bàbá, wọlé. Kò sí ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó nílé kan tí yóò dúró ṣánṣán níwájú irú àgbà bẹ́ẹ̀. Àsánì ju rìmóòtù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ọmọ ta nìyí? Níbo nilé yín?"

"Ìjànikin, mà."

"Agbolé wo n'Íjànikin?"

Àyà rẹ̀ wà nínú iyanrìn bó ṣe ń dáhùn. Láti ilẹ̀ ibẹ̀, ó rí i tí èjìká Bàbá rọra tẹ̀ sí òsì, bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń yí kọ́nà. Nígbà tí Màmá Àwẹ̀ró ní kó dìde, bọ́ọ̀sì ti yí kànga po, ó ti dojú kọ ilé. Àsánì gbá rìmóòtù mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun to táyà rẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀sì rọra dúró, ó ku ìka kan kó kan ẹsẹ̀ Bàbá.

"Ọmọ yìí mọ ọkọ̀ wà," ni Màmá Àwẹ̀ró wí. "Àbí, Àjàgbé?"

"Ó gbìyànjú," ni Bàbá wí. "Àsánì, kí àwọn èèyàn ẹ máa bọ̀ ní Sátidé."

Àsánì tún dọ̀bálẹ̀, ó rákò súnmọ́ wọn kí wọ́n lè gbọ́wọ́ lé e lórí, kí wọ́n sì wúre fún un.

"Máa ṣàmín níbi tó o wà," ni Bàbá wí. "Ọwọ́ mi ò ráyè."

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí Àsánì padà dé Òkókómáíkò, ó sì bá bátìrì rìmóòtù rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí páànù ilé ìdáná, níbi tó sá wọn sí láti àárọ̀.