Àdúà Lórí Gààrí

Ìyá alásè da omi tútù sórí gààrí, ó yára fi àtẹ dé igbá. Gààrí ọ̀hún kò kọjá ìdajì igbá, ọkọ̀ ojú irin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò Àgbàdo rẹpẹtẹ sílẹ̀ ní Ìfọ̀. Wọ́n ti búra pé bí ebi bá tún lé àwọn kúrò ní ìpàdé, àwọn ò ní bá ẹgbẹ́ Ìfọ̀ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí mọ́.

Níbi ìpàdé, Bàbá Sàlàkọ́, àgbà ẹgbẹ́, tẹ́wọ́ àdúà. Ó ṣe é fún àgbẹ̀, fún aboyún, fún ará ọ̀nà. Kò dákẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ sáré wọ ilé ìdáná. “Ìyá, ta ló ní kí bàbá yìí ṣàdúà? Àwọn àlejò ti ń dìde!”

“Ní sùúrù.”

“Títí dìgbà wo?”

Igbá ni Ìyá alásè ń wò. Nígbà tó yá, gààrí wú, àtẹ rọra gbéra lórí igbá.

Ìyá alásè yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Sàlàkọ́ la ojú kan, ó wò ó. Obìnrin náà ṣẹ́jú sí i.

“Àmín!” ni Bàbá wí, ó fọwọ́ pa ojú. “Ẹ gbé oúnjẹ wá.”